Kì í ṣe kíákíá, ká délé láyọ̀ ni



Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Òun ló ń gbé àgbàdo lọ sí ọjà, òun ló ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń fi í gbé èrò la ń pè ní sẹ́míjàn. Ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbé mi kíákíá." Lójú tèmi, orúkọ yìí ń ṣì wá lọ́nà.

Bí awakọ̀ bá ń wọ Kútọnu, á dé akoto, tí àwọn kan ń pè ní kásìkì, nítorí ọlọ́pàá. Bó bá kúrò ní ìgboro, á fi kọ́ apá kẹ̀kẹ́. Ṣé ọlọ́pàá ló ni orí ni?

Àwọn kan ní àwọn kì í sáré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí alùpùpù bá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, tí ènìyàn fi orí gbá igi, ó dà bí ẹni tó fi orí já bọ́ láti òkè tó ga ju mítà 3 lọ.

Ohun kan tó nípọn wà nínú akoto. Òun ló ń fọ́ kí agbárí má baà fọ́. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé akoto tí a dé dáadáa lè dín ewu ikú kù ní 42 nínú 100. Ẹ kíyè sí i: tí a dé dáadáa. Bí a kò bá so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, yóò fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Èyí tó ti gbá ilẹ̀ gidigidi rí, kò ṣe é dé mọ́.

Wọ́n á ní akoto wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú owó alùpùpù, kó tọ́jú owó akoto mọ́ ọn. Kó sì ra méjì, nítorí ẹni tó jókòó lẹ́yìn náà ní orí.

Ẹ̀yin èrò, ẹni tó sanwó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kó èèyàn mẹ́ta, ẹ má gùn ún. Bí iná kẹ̀kẹ́ kò bá tàn, ẹ má bá a rìn lóru. Bó bá ń sáré, ẹ sọ fún un pé kó rọra.

Ẹni tó ti mọ̀wé kà, kó ka ọ̀rọ̀ yìí sétí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Láti òní lọ, ohun tí a ó máa sọ fún sẹ́míjàn ni: gbé mi dé láyọ̀.