Ọ̀fẹ́ ni ibi tí kóòdù yín wà, ṣùgbọ́n orúkọ ta ni wọ́n fi ṣí i?

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti sanwó fún ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà pé kó bá yín kọ ètò tí ẹ fi ń ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, tàbí èyí tí ẹ fi ń ṣírò gbèsè àwọn oníbàárà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kóòdù rẹ̀ wà? Kóòdù yẹn ni ìlànà tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè tún ètò náà ṣe bó bá dẹnu kọlẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń báni tọ́jú kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni tọ̀pọ̀ yín wà. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà kan, ọ̀fẹ́ náà kò kan ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́ àṣírí. Google Code, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kì í gba kóòdù tí ẹni tó ni ín kò bá yọ̀ǹda fún gbogbo ayé, GitHub sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ tirẹ̀. Oṣù kìíní 2019 ni GitHub sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò pọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2020, wọ́n ní iye èèyàn tó bá wù yín lẹ lè pè sí i. Àwọn tó ní àwọn á kúkú ra kọ̀ǹpútà ńlá sílé, ṣé iná NEPA wa yìí ni wọ́n fẹ́ fi tàn án?

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé òyìnbó á jí kóòdù àwọn. Ẹ rí i pé ìlẹ̀kùn wà ní títì, ó parí. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá. Bó bá jẹ́ íméèlì ọmọ yẹn ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà, lọ́jọ́ tó bá ríṣẹ́ sí báńkì, tàbí tó gba Kánádà lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín ló bá a lọ yẹn. Íméèlì ilé-iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi ṣí i lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá pe òun wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni kóòdù náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé owó tí ẹ san nìkan.

Ilé onílé sì ni ibẹ̀ o. Google Code ti kógbá sílé ní 2016. Ní oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà rẹ́. Kóòdù àwọn oníbàárà kò bá a lọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣòfò. Ní 2019, òfin Amẹ́ríkà mú kí GitHub ti àwọn tó wà ní Ìráànì àti Síríà mọ́ta kúrò nídìí kóòdù àṣírí wọn.

Nítorí náà, kí ọmọ náà máa ṣe ẹ̀dà gbogbo kóòdù sórí flash fún yín lóṣooṣù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pe ẹlòmíràn kó wá wò ó bóyá ètò náà á ṣiṣẹ́ láti inú flash yẹn.