Ẹ Fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Irin-iṣẹ́

Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ronú lórí ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè wa ti tọ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, ọdún 2003, nígbà tí a fi NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kàn án, àwọn ẹnjiníà wa sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2011, àwọn ọmọ Nàìjíríà tìkára wọn ni wọ́n kan NigeriaSat-X nínú ilé-iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, Nigeria EduSat-1, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, gòkè lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Jàpáànì, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò farasin. Kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ni ó sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí di ẹnjiníà. Irin-iṣẹ́ ni a kó lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n? Èéṣe tí ọmọ wa yóò fi dàgbà tán, tí yóò sì sọdá òkun, kí ó tó mọ bí a ti ń so wáyà mọ́ bátìrì? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ojú pátákó ni sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, odò Ọya àti odò Bẹ́núè kún bo ìlú àti oko. Ti ọdún 2022 nìkan pa ènìyàn tí ó lé ní 600. Àwòrán tí a yà láti òkè a máa fi ibi tí omi dé hàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó lè ka àwòrán náà ní ìlú tí omi ń bọ̀ wá bá, kí ni èrè rẹ̀? Orílẹ̀-èdè tí kò lè ka àwòrán ilẹ̀ ara rẹ̀, àlejò ni yóò máa kà á fún un.

Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ dá ẹgbẹ́ ẹnjiníà ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, fún ọkùnrin àti obìnrin. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ọparun àti ọ̀rá ṣe káìtì, kí wọ́n so kámẹ́rà kékeré mọ́ ọn, kí wọ́n sì ya àwòrán ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ó jìnnà sí wáyà iná àti pápá ọkọ̀ òfúrufú. Kí wọ́n fi okùn ìwọ̀n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì wò ó bóyá àwòrán àti ilẹ̀ bá ara wọn mu. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo àwòrán Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù, tí í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun tí ó bá kéré ju mítà 10 kò hàn dáradára níbẹ̀, ṣùgbọ́n oko hàn, odò sì hàn. Ewé tí ara rẹ̀ le a máa dá ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí padà sókè lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìyẹn ni sátẹ́láìtì fi ń mọ irúgbìn tí ń ṣàìsàn. Kí àwọn ọmọ dé oko náà, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i.

A mọ̀ pé ẹ ó wí pé owó kò sí, àti pé ìdánwò kò fún yín láyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, rédíò tí ó ti bàjẹ́ sì wà ní ilé gbogbo. Ẹ pe ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò yín wá; ọ̀gá ni ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láti ọdún 1972 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ àwòrán ilẹ̀ yìí ti wà ní ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀; ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ojúṣe ìjọba kò yẹ̀ lórí rẹ̀, a kò sì ní dẹ́kun láti máa rán an létí. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de Àbújá.