Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Oògùn Jẹ

Ó ti di àṣà láàárín àwùjọ pé bí ènìyàn bá rí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọnú, kíá ni yóò ti dájọ́ pé àrùn éèdì ni ó ń ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oògùn gan-an lè sọ ojú dà bẹ́ẹ̀. Stavudine wà lára àwọn oògùn tí ìjọba Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú rẹ̀ ní ọdún 2002. Ó gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ọ̀rá abẹ́ awọ ojú. Ní ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa pa á tì díẹ̀díẹ̀. Ojú àwọn tí wọ́n ti lò ó kò tètè kún padà, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ oògùn.

Abẹ́rẹ́ kan wà fún irú ojú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Sculptra ni orúkọ rẹ̀. Èròjà rẹ̀ jọ ti òwú ìránpa ọgbẹ́ tí ń yọ́ sínú ara. Bí dókítà bá gún un, awọ ibẹ̀ yóò máa nípọn sí i láàárín oṣù mélòó kan. Ó sì lè tó ọdún méjì kí ó tó lọ. Ọdún 2004 ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí i fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Ní 2009 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ kí ojú wọn hunjọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn oníwàásù kan a máa fi ẹnu kan náà bá gbogbo abẹ́rẹ́ ojú wí, wọ́n ní yíyí ẹ̀dá Ọlọ́run padà ni. Ní ti ẹni tí ojú rẹ̀ pé, tí ó ń náwó kí ó má baà dàgbà, wọn kò ṣì í sọ. Kí ni wọn yóò wá sọ nípa Arfaja ọmọ As'ad? Imú rẹ̀ gé ní ogun Kulab, kí Islam tó dé. Ó fi fàdákà ṣe òmíràn, ó ń rùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ní kí ó fi wúrà ṣe é, wúrà tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin! Abu Dawud àti Tirmidhi ni ó gbà á wá.

Iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti onídìrí. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè fọ́ni lójú.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ààfáà kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n yé fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ jíjìn ṣe àpèjúwe ẹ̀ṣẹ̀ lórí mínbárì. Ẹni tí ó ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn mọ́sáláṣí lè da oògùn rẹ̀ nù ní alẹ́ ọjọ́ náà.