Ìwé Ìmọ̀ràn Kò Tó: Àtúnṣe Ẹ́ńjìnì Bàálù Gbọ́dọ̀ Jẹ́ Ọ̀ranyàn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni ó kan ará Ọjà Ọba nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì bàálù, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì wọ bàálù rí, tí ó jẹ́ pé láti Bẹẹrẹ sí Mápó ni ìrìn wa lójoojúmọ́. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá púpọ̀. Àwọn tí bàálù wó lé mọ́lẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá ní Èkó kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àdúgbò wọn ni wọ́n wà tí ikú fi bá wọn níbẹ̀.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù ilé-iṣẹ́ Dana Air, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MD-83, gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ ní Èkó. Èèyàn 153 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 péré lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, ẹ́ńjìnì kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára. Wọ́n ń pè é fún agbára, kò jẹ́. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ńjìnì kejì, wọ́n ń bá ìrìn-àjò lọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀ ní Èkó, ẹ́ńjìnì kejì náà kọ̀, kò dáhùn mọ́. Bàálù náà já lulẹ̀ sí àárín ilé àwọn èèyàn ní Ìjú-Ìṣàgá. Kò sí ẹnìkan tí ó yè nínú àwọn 153 náà, èèyàn 6 sì tún kú lórí ilẹ̀.

Kí wọ́n tó kó òkú tán ni a ti ń gbọ́ pé amúwá Ọlọ́run ni. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a yé pa irọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ni ó ṣe páìpù epo, Òun kọ́ ni ó sì fi páìpù tí kò dára sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ èèyàn ni ó wà nídìí rẹ̀.

Àjọ tí ó ń wádìí jàǹbá bàálù ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní AIB nígbà náà tí ó ti di NSIB báyìí, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2017. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò tètè yé jù. Nínú ẹ́ńjìnì bàálù náà, páìpù wà tí ń pín epo yíká lọ sí ẹnu ibi tí epo ti ń fọ́n sínú iná. Bí páìpù yẹn bá sán tàbí tí ó bá ṣẹ́, epo yóò máa dà síbi tí kò yẹ, iná kò ní rí epo jó, ẹ́ńjìnì kò sì ní lágbára. Bí ẹ bá ti wa tírélà tí páìpù dísù rẹ̀ sán rí lórí òkè, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ títí, ọkọ̀ kò ní fà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tírélà lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàálù kò ní ẹ̀gbẹ́ títì lójú ọ̀run. Páìpù epo tí ó ti sán, tí ó ti ṣẹ́, tí ó sì ti lọ́, ni àwọn olùwádìí bá nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀.

Ìkìlọ̀ Ti Wà Láti 2003

Ibi tí ó yẹ kí ó bí òṣìṣẹ́ nínú nìyí. Ọ̀rọ̀ páìpù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ̀ ní 2012. Pratt & Whitney, ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tí ó ṣe ẹ́ńjìnì náà, ti kọ ìwé jáde ní 2003, nọ́ńbà rẹ̀ ni 6452, pé kí àwọn tí ó ń lo irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ páìpù náà sí irú tuntun tí ìfaradà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Ọdún 9 ni ó wà láàárín ìwé yẹn àti ọjọ́ tí Ìjú-Ìṣàgá jóná. Àwọn olùwádìí sì sọ pé wọn kò ṣe ohun tí ìwé náà wí sí ẹ́ńjìnì bàálù tí ó já yẹn.

Ẹ má sì sọ pé nítorí pé ilẹ̀ wa ni. Ilé àtúnṣe kan ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀ tí wọ́n tún un tò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 2013, oṣù 16 lẹ́yìn jàǹbá náà, ẹ́ńjìnì bàálù Dana mìíràn tún kọ̀, kò dá awakọ̀ lóhùn. Orí kó wọn yọ, wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti gbéra. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì yẹn wò, irú àìdára páìpù kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀, ilé àtúnṣe kan náà ni ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ní àfi òyìnbó ni ó mọ iṣẹ́ ṣe, kí ó ro èyí wò.

Báwo ni ìkìlọ̀ ṣe lè wà fún ọdún 9 tí a kò tẹ̀ lé e? Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Oríṣi ìwé méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ bàálù. Ìwé ìmọ̀ràn ni ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnì: ó ń sọ pé ó dára kí ẹ ṣe é. Ìwé àṣẹ ni ti ìjọba: ó ń sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọjọ́ báyìí tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàálù yín kò gbọdọ̀ gbéra. Ìwé ìmọ̀ràn ni nọ́ńbà 6452. Ẹni tí ó bá sì fi ìmọ̀ràn sí ọwọ́ oníṣòwò tí ń ka náírà, ó mọ ohun tí yóò fi ṣe: yóò fi sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹlẹ́bi Kọ́ Ni Awakọ̀ Nìkan

A kò ní fi òótọ́ pamọ́. Ìwádìí náà dá àwọn awakọ̀ bàálù lẹ́bi pẹ̀lú. Ó ní wọn kò tẹ̀ lé ìwé ìlànà tí ó yẹ kí wọ́n kà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ní ìṣòro, wọn kò sì balẹ̀ sí pápá tí ó sún mọ́ wọn jù. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún gbogbo awakọ̀: bí ọkọ̀ bá ti fi àmì hàn, ẹ dúró. Kò sí èrò tí ó ń kánjú ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà àwọn agbanisíṣẹ́. Bí bíréèkì bá já, dẹ́rẹ́bà ni ó sáré jù. Bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́, òṣìṣẹ́ ni ó ń sùn. Ẹni tí ó kẹ́yìn fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń mú. Ẹni tí ó kọ̀ láti ra páàtì tuntun, orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Awakọ̀ kan lè ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi páìpù àtijọ́ sílẹ̀ ní ọdún 9 láti ronú.

Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Wa Nìkan

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2016, abẹ́ kan já nínú ẹ́ńjìnì bàálù Southwest ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ CFM tí ó ṣe ẹ́ńjìnì náà kọ ìwé ìmọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ àwọn abẹ́ náà wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ sọ ọ́ di àṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2018, abẹ́ ẹ́ńjìnì bàálù Southwest mìíràn tún já lójú ọ̀run, ó ba fèrèsé jẹ́, obìnrin kan sì kú. Ọjọ́ 3 péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé àṣẹ jáde: gbogbo abẹ́ tí ó ti fò tó 30,000 ìrìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ 20.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ohun tí wọn kò rí ṣe fún oṣù tí ó lé ní 19, ọjọ́ 3 ni ó gbà wọ́n nígbà tí òkú ti sùn. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Òkú ni wọ́n ń dúró dè.

Àwa ará Ìbàdàn kò ní láti lọ sí Amẹ́ríkà kọ́ èyí. Odò Ògùnpa ya wọ ilé ní 1963, ó tún ya ní 1978, ó sì pa èèyàn. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omíyalé dé, ó gbé èèyàn tí ó lé ní 200 lọ. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun tí a gbọ́ tẹ́lẹ̀ tí ó ṣì pa wá, àwọn tí ó gbọ́ tí wọn kò ṣe nǹkan ni kí a bi léèrè.

Owó Dọ́là Kì Í Ṣe Àwáwí

Àwọn oníbàálù yóò ní dọ́là ni wọ́n fi ń ra páàtì, dọ́là sì wọ́n. A gbà pé ó wọ́n. Dísù náà wọ́n, táyà náà wọ́n. Ṣé nítorí pé táyà wọ́n ni kí a máa fi táyà tí ó ti pá kó èrò sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mápó wá sínú Ọjà Ọba, níbi tí àwọn ìyá wa ti pàtẹ? Ẹni tí kò bá lówó táyà, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá lówó páìpù, kí ó gbé bàálù rẹ̀ dúró. Èrè òwò kò gbọdọ̀ ti inú pósí jáde.

Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 ti fi ọ̀nà hàn wá. Ó pa á láṣẹ pé ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn tàbí ẹrù ròkè nínú ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ di yíyẹ̀wò fínnífínní, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, láti ọwọ́ ẹni tí ọ̀gá àgbà àwọn olùbẹ̀wò fọwọ́ sí. Òfin yẹn kò sọ pé bí ó bá wu ọ̀gá. Bí òfin kò bá fi ẹ̀rọ tí ń gbé àpò fúláwà lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ọwọ́ ìfẹ́ inú ọ̀gá, kí ni ó dé tí a ó fi ẹ́ńjìnì tí ń gbé èèyàn 153 sí i?

Ohun Tí A Ń Bèèrè Fún

Àjọ NCAA ni òfin gbé àbójútó bàálù lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Òun ni a dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ.

Èkíní: ìwé ìmọ̀ràn yòówù tí ilé-iṣẹ́ bá kọ nípa ẹ́ńjìnì tí ń pàdánù agbára, kí NCAA sọ ọ́ di àṣẹ fún gbogbo bàálù tí ń gbé èrò nílẹ̀ wa, kí ó fi ọjọ́ sí i. Bí ọjọ́ bá kọjá, bàálù náà kò gbọdọ̀ gbéra.

Èkejì: kí ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan wà ní gbangba fún àwọn aṣojú òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ̀kẹta: ẹnjiníà tí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé bàálù tí kò yẹ, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a dúró níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù, NAAPE, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, NUATE, wà nídìí èyí. Ó yẹ kí àwa tí a wà ní gáréèjì àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró tì wọ́n, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá lé ẹnjiníà kan nítorí òótọ́, ojú tì wá náà ni.

Ẹ̀kẹrin kan àwa fúnra wa. A kò lè máa bá NCAA jà kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé bíréèkì òun kò dára kò gbọdọ̀ kúrò ní gáréèjì, kí alága má sì pè é ní ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí ẹ̀rọ tí ìbora rẹ̀ ti ṣí, kí ó pa á, kí ó pe aṣojú ẹgbẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ìkìlọ̀ ẹnu lásán ń bọ́ sọnù, èyí tí a bá kọ sílẹ̀ ni a fi ń mú ọ̀gá.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nípa ẹ̀rọ tí kò dára níbi iṣẹ́ yín dání, kí a kà á lójú gbogbo ènìyàn, kí a sì yan ẹni tí yóò gbé e lọ bá àwọn agbanisíṣẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!