Ọ̀dà Tí Yóò Gba Páànù Là, Tí Kò Sì Ní Pa Ọmọ Lára

  Mo bá àwọn tí Ọlọ́run fún lọ́mọ yọ̀. Mo sì kí àwọn tí wọ́n lọ sin òbí nílé pé ẹ̀yìn wọn á dára. Ìsọmọlórúkọ kún ojú ewé ìròyìn ẹbí lóṣù yìí, inú gbogbo wa sì dùn sí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an ló jẹ́ kí n mú kálàmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ páànù àti ọ̀dà ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ilé fẹ́ kun òrùlé àti géètì ilé ìpàdé wa kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ìwé iye owó méjì ló wà níwájú wọn. Ti àkọ́kọ́ dínwó: ọ̀dà yẹ́lò kan báyìí, tó dà bí àwọ̀ ìyeyè, ni wọn yóò fi ṣe àkọ́kùn, wọn yóò sì fi ọ̀dà olóròóró pupa lé e lórí. Ti èkejì gbówó lérí jù bẹ́ẹ̀ lọ: zinc phosphate ni àkọ́kùn rẹ̀, ọ̀dà tí a ń fi omi pò ni yóò sì wà lókè. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní kí a mú èyí tó dínwó, nítorí pé ọ̀dà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni páànù? Irin pẹlẹbẹ tí a rì bọ inú síǹkì ni. Irin kò lè bá omi àti afẹ́fẹ́ gbé pọ̀ kí ó má dógùn-ún. Lọ́dún 1829, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì bí ojú omi. Lọ́dún 1837, ará Faransé kan, Stanislas Sorel, gba tirẹ̀ lórí bí a ti ń ri irin bọ inú síǹkì tó ti yọ́. Síǹkì a máa yọ́ tí ooru rẹ̀ bá tó 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìkòkò ilé iṣẹ́ a máa gbóná tó nǹkan bí 450. Irin a wọ inú rẹ̀, a sì jáde pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń dán.

Iṣẹ́ méjì ni aṣọ yìí ń ṣe. Èkíní, ó ń dínà mọ́ omi àti afẹ́fẹ́. Èkejì ló yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Bí a bá ha páànù tí irin inú fi yọjú díẹ̀, síǹkì tó yí ojú ọgbẹ́ náà ká ni yóò máa jẹ dànù, irin yóò sì wà láìfarapa. Ó dà bí àgbà tó fi àyà gba ọfà nítorí ọmọ. Ìgbà tí síǹkì bá tán ni irin tó ń pọ́n. Ẹni tó bá ti dúró lórí Òkè Màpó ní Ìbàdàn, tó wo òrùlé pupa tó tẹ́ lọ bí ẹní, ó ti rí ibi tí síǹkì parí iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n síǹkì náà ní ọ̀tá. Bí a bá to páànù tuntun léra wọn, tí omi wọ àárín, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè kọjá, ìyẹ̀fun funfun kan a máa hù lára rẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ẹrù tí kò mọ ìyẹ̀fun yìí. Òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó ni ẹrù àti ẹni tó gbé e. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fi omi chromate wẹ páànù tuntun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú èròjà kan náà ni wọ́n ń fi sínú ọ̀dà yẹ́lò tí a ń pè ní zinc chromate, èyí tí wọ́n ń kùn sára ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun Hitler. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ń ṣiṣẹ́. Ìpáàrà bẹ̀rù rẹ̀.

Oró ló kù. Oríṣi chromium méjì ló wọ́pọ̀, oní-mẹ́ta àti oní-mẹ́fà. Oní-mẹ́fà ló wà nínú ọ̀dà yẹ́lò yìí. Ní Rutherglen, lẹ́bàá Glasgow ní Scotland, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe èròjà chromium láyé àtijọ́. Eruku rẹ̀ jẹ ògiri àárín imú àwọn òṣìṣẹ́ títí ó fi lu, ó sì dá ihò sí wọn lára. Lọ́dún 1899 ni Keir Hardie, olóṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, kọ ìwé láti tú àṣírí ìyà wọn. Lọ́dún 1990, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ní ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ wo ti Hinkley, ìlú kékeré kan ní California, ní Amẹ́ríkà. Láti 1952 sí 1966, ilé iṣẹ́ Pacific Gas and Electric ń fi chromium oní-mẹ́fà sínú omi tó ń tu ẹ̀rọ wọn lára, kí irin má bàa dógùn-ún. Wọ́n da omi náà sínú kòtò tí a kò fi nǹkan tẹ́ nísàlẹ̀, ó sì rìn dé inú kànga aráàlú. Lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 333 dọ́là fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà là ni irin. Àwọn baba wa ní a kì í tìtorí eku dáná sun ilé.

Láti ìgbà náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń wá ọ̀nà mìíràn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lé chromium oní-mẹ́fà kúrò nínú ohun èlò oníná tuntun láti July 1, 2006, àti kúrò lára mọ́tò tuntun láti July 1, 2007, àfi níbi díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ń fi chromium oní-mẹ́ta, tí oró rẹ̀ kéré gan-an sí ti oní-mẹ́fà, wẹ síǹkì. Àwọn mìíràn ń lo iyọ̀ zirconium, tàbí acrylic fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò tilẹ̀ rí. Fún ọ̀dà àkọ́kùn, zinc phosphate ló gba ipò zinc chromate lọ́pọ̀ ibi. Òun náà kì í ṣe ohun mímu o, kò sì yẹ kí a dà á sódò, nítorí ẹja. Ṣùgbọ́n a kò kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Mo ti sọ ti yẹ́lò. Ó ku ti pupa tí wọ́n fẹ́ fi lé e lórí. Òjé ni ìṣòro ibẹ̀. Ọ̀dà olóròóró tí àwọ̀ rẹ̀ mú janjan, pupa tàbí yẹ́lò, ni òjé sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Àwọ̀ kan tilẹ̀ wà, lead chromate, tí òjé àti chromium oní-mẹ́fà jọ ń gbé inú rẹ̀ bí olè méjì nínú yàrá kan. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde jáde lórí ọ̀dà ilé tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Òjé inú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ju ìwọ̀n lọ. Lọ́dún 2021, NAFDAC ṣe òfin lórí ọ̀dà: òjé kò gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú 1,000,000. Òfin ti wà, ṣùgbọ́n agolo àtijọ́ kì í ka òfin. Tí ọ̀dà bá dínwó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó yẹ kí a béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni òjé. Lọ́dún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa, láti inú erùpẹ̀ tí a ń wa wúrà nínú rẹ̀. Ti ọ̀dà kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́: ọmọ kò ní lè kàwé bó ti yẹ, ìyá rẹ̀ á sì máa pè é ní olódo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ tí a sọ lórúkọ lóṣù yìí yóò máa rákò kí ọdún tó yípo. Níbo ni yóò ti rákò ní ọjọ́ ìpàdé? Lábẹ́ òrùlé náà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà ni, níbi tí ọ̀dà yóò ti máa bó. Ohun tó bá rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí.

Àwọn tó ń ṣọ́ àpò ẹgbẹ́ á bi mí pé níbo ni owó yóò ti wá. Ìdáhùn mi nìyí: kí a má kun ibi tí kò nílò ọ̀dà. Níbi tí síǹkì òrùlé wa bá ṣì wà, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kò sí ní Èkó tí iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́. Síǹkì a máa pẹ́ ní ilẹ̀ àárín bíi tiwa. Kí ìgbìmọ̀ gun òrùlé, kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí ibi tó ti pọ́n, kí a kun ibẹ̀ àti géètì nìkan. Bí ibi tí a ó kùn bá dínkù, owó ọ̀dà tó dára lè má wúwo mọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká sè ju ohun tí a ó jẹ lọ.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn kunlékunlé mọ̀ dáadáa. Ọ̀dà olóròóró tí a bá kùn lé síǹkì lórí láìsí àkọ́kùn tó yẹ kì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Òróró inú rẹ̀ àti síǹkì a máa di ohun kan bí ọṣẹ, ọ̀dà a sì bó bí èèpo. Ọ̀dà acrylic tí a ń fi omi pò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, èyí tó dínwó lè sọ wá di akunlé ọdọọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé, kí ó kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ páànù, kí ó ṣan án, kí ó jẹ́ kó gbẹ. Kí ó fi omi rẹ sánpépà kí ó tó fi ha ìpáàrà. Eruku ọ̀dà àtijọ́ ni kò gbọdọ̀ fò. Kí ó bo imú, kí ó lé àwọn ọmọ sẹ́yìn, kí ó kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú àpò, kí ó má gbá a sínú gọ́tà. Kí ó má fi iná sun ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Kí ó ra àkọ́kùn zinc phosphate tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó wà fún irin alásíǹkì, kí ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi acrylic lé e lẹ́ẹ̀mejì. Omi òjò tó bá ṣàn lára òrùlé tuntun náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé e mu.

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ ìpàdé ni a ó dìbò lórí ìwé méjèèjì. Síǹkì ni aṣọ irin. Àwa ní tiwa, ọmọ ni aṣọ wa. Ẹ má jẹ́ kí a ya aṣọ kan láti fi lẹ èkejì. Ẹ wá, ẹ má ránṣẹ́, kí ẹ sì dìbò fún èyí tí kò ní pa ọmọ lára.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.