Ojú Àwo Ni Àwo Fi Ń Gba Ọbẹ̀

Bí àwọn àgbà bá ń súre fún ènìyàn, wọ́n a máa wí pé ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni pé kí ire tó ń bọ̀ má ṣì ọ́ nílé, kí ó wá bá ọ lójúkojú. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ lè jinná, kí olóúnjẹ fẹ́ràn rẹ, kí ìkòkò kún dẹ́nu. Bí o bá dojú àwo rẹ délẹ̀, ẹ̀yìn àwo ni ọbẹ̀ yóò dà sí, ilẹ̀ ni yóò sì mu ún. Bí o bá sì gbé e dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí eérú ti kún inú rẹ̀, ta ni yóò bu ọbẹ̀ lé eérú? Bóyá amọ̀ ni àwo náà tàbí tánganran, ọbẹ̀ kò bìkítà.

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ìwàásù tí à ń gbọ́ lónìí lórí bí Ọlọ́run ṣe ń wá bá àwọn ènìyàn Rẹ̀ gbé. Kò sí ìsọjí tí wọn kì í ti í pè É kí Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á kọ́ wa bí a ó ṣe gbààwẹ̀, bí a ó ṣe kígbe, bí a ó ṣe gbin irúgbìn owó, kí ògo Rẹ̀ lè kún ilé. Ọbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Àwọn tó ń wàásù nípa àwo kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn. Ọlọ́run kò ṣòro í pè. Àwa la ṣòro í bá nílé.

Ẹ wo opó tó ké pe Èlíṣà nínú Ìwé Kejì àwọn Ọba, orí kẹrin. Ọkọ rẹ̀ kú, gbèsè wà nílẹ̀, olówó sì ti fẹ́ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Wòlíì bi í léèrè ohun tó ní nílé. Ó ní òun kò ní nǹkan kan àfi ìkòkò òróró kan. Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó lọ yá ohun èlò lọ́wọ́ gbogbo àwọn aládùúgbò, kí wọ́n jẹ́ òfìfo, kí wọ́n má sì kéré níye. Obìnrin náà yá wọn, ó wọlé, ó sé ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da òróró. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ sọ pé kò ku ohun èlò kankan mọ́ ni òróró tó dá. Òróró kọ́ ló kọ́kọ́ tán. Òfìfo ló tán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi yíyá ohun èlò yẹn, nítorí àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá níbẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ibi òróró. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó jẹ gbèsè ló ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, tó ń tọrọ ìkòkò tí kò ní ohun tí yóò rọ sí i. Kí ni wọ́n máa rò? Kí ni yóò fèsì bí wọ́n bá bi í? Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè rí láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ bí ojú ṣe ń tini tó. Síbẹ̀ ó lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìgbàgbọ́ ló sì mú kí ó yá ju ẹyọ kan lọ, nígbà tí kò tíì sí òróró kankan tí yóò kún ẹyọ kan ọ̀hún. À ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, à ń wàásù ìgbàgbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Opó yìí kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

A ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ń wa ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba fi ń tẹ títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹ̀rọ kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn tó ń pè é, ó sì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé nígbà tó ń padà sílé, ó fi èédú kun ara, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bora, ó sì wọ ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà láti jíṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí àwọn ará ilé mọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n rí bí wèrè yẹn.

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle pé jọ sí Òkè-Oóyè ní Iléṣà. Àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ ló ń da ìjọ láàmú, wọ́n sì wá láti yanjú rẹ̀. Wọn ò tíì parí nígbà tí ìròyìn bẹ́ sílẹ̀ pé Babalọlá gbàdúrà fún ọmọ kan tó ti kú, ọmọ náà sì jí. Bí ìtàn ìjọ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àpérò tú, ìsọjí bẹ̀rẹ̀. Èrò ń wọ́ tìrítìrí wá láti ìlú jíjìn, aláìsàn, arọ, ẹlẹ́sìn gbogbo. Oníkòkò gbé ìkòkò, onígò gbé ìgò, kí ó lè gbàdúrà sí omi fún wọn.

Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, Babalọlá ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn, ó sì tọ́. Èmi a máa ronú kan àwọn àgbà tó fi àpérò wọn sílẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn lásán. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ náà láyé ọjọ́ un ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti Ìbàdàn, ẹni tó kọ ìwé ìtàn ìlú rẹ̀, tó sì gorí àpèrè Olúbàdàn ní 1955. Irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ lè sọ pé awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò jìnnà kò gbọdọ̀ da ìpàdé àgbà rú. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà sì di Christ Apostolic Church, Akínyẹlé ló jẹ ààrẹ. Babalọlá, tí ogunlọ́gọ̀ ń tẹ̀ lé kiri, jẹ́ ajíhìnrere àgbà títí ó fi kú ní 1959. Àgbà kò fi oyè dojú àwo dé, ọ̀dọ́ kò sì fi iṣẹ́ ìyanu gba oyè.

Náámánì, adẹ́tẹ̀ tó wá ìwòsàn lọ sọ́dọ̀ Èlíṣà, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ipò pàdánù tirẹ̀. Balógun Síríà ni, ó kó ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun dé ẹnu ọ̀nà wòlíì, inú sì bí i pé ìránṣẹ́ ni wọ́n rán sí òun, pé odò Jọ́dánì lásán ni wọ́n ní kí òun wẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Lónìí, kí la fi kún àwo? Ẹ wo ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Àga onítìmùtìmù wà níwájú fún olówó àti olóṣèlú, tí wọn kì í tilẹ̀ í dé kí ìwàásù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyá arúgbó tó ti jí rìn wá láti àfẹ̀mọ́júmọ́ jókòó síbẹ̀, wọ́n ní kí ó dìde. Ó dùn mí wọra. Jákọ́bù ti kọ̀wé nípa rẹ̀ gan-an ní orí kejì lẹ́tà rẹ̀: ẹni tó wọ òrùka wúrà, a fún un ní àyè tó dára, tálákà, a ní kó dúró lọ́hùn-ún. Ó pe irú ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní onídàájọ́ búburú. Lẹ́yìn tí a bá ti lé ìyá náà dìde tán, a ó gbé ohùn sókè pé kí Ọlọ́run máa bọ̀.

Èyí tó tún burú jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ìrẹ̀lẹ̀ dí ọmọ ìjọ lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí owó ilé Ọlọ́run ń gbà lọ, wọ́n á ní kí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ẹni àmì òróró ni Dáfídì. Nígbà tí wòlíì Nátánì na ìka ẹ̀sùn sí i nítorí aya Ùráyà, kò halẹ̀ mọ́ ọn, ó jẹ́wọ́ pé òun ti ṣẹ̀. Ní alẹ́ tí Jésù sì kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀, kò ní kí Pétérù wá wẹ ẹsẹ̀ òun. Òun fúnra Rẹ̀, Olùkọ́, ló bọ́ aṣọ àwọ̀lékè, tó di aṣọ ìnura mọ́ra, tó bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn. Ìwàásù ìrẹ̀lẹ̀ tí kò kọ́kọ́ kan ẹni tó ń wàásù, ìyànjẹ ni.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó máa dúró lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé jókòó síwájú, ẹ ka ìṣirò owó ìjọ sétí gbogbo ènìyàn, kí ẹ tó wá sọ fún wa pé kí a gbàdúrà kí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀.