Ọjọ́ Òmìnira ní Abẹ́òkúta: Àwọn Ọmọdé Ń Yan, Ta ni Ń Sọ Ìtàn fún Wọn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Oore ńlá ni òmìnira láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun Ọba, ó sì tọ́ kí orílẹ̀-èdè tó bá rí i gbà máa dúpẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí àléébù nínú pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, láti rántí ìgbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, irú ọpẹ́ wo ni wọ́n ń dá lọ́jọ́ náà? Bí ìlú kan bá wà tí ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn, ìlú Abẹ́òkúta ni.

Bí ayẹyẹ náà ṣe máa ń rí kò ṣàjèjì sí ará ìlú. Àwọn Mùsùlùmí a ṣe àdúà lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì a ṣe ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, àwọn ọmọ iléèwé a tò lọ sí pápá ìṣeré tí a fi orúkọ Olóyè M. K. O. Abíọ́lá pè, wọn a yan bí ológun kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. Abẹ́ àtíbàbà ni àwọn àgbà ń jókòó sí, inú oòrùn ni àwọn ọmọdé ń dúró sí. Wọn a ka ọ̀rọ̀ gígùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀sán tó pọ́n tán, kálukú a ti gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá bi ọmọ tó ń bọ̀ láti pápá léèrè ohun tó gbọ́ níbẹ̀, ó lè má rí ìdáhùn kan ju pé oòrùn mú.

Àdánù gbáà ni èyí, nítorí ìlú tí àwọn ọmọ náà ń gbé ti mọ ohun tí ń jẹ́ òmìnira tipẹ́ kí Nàìjíríà tó wà. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ lẹ́yìn tí ogun ti tú ìletò wọn ká. Ogun Dàhómì dé bá wọn níbẹ̀ ní 1851, ó tún dé ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì lé e padà. Ní ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́ jáde ní 1859. Nígbà tó di 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó bá àwọn Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé ilẹ̀ olómìnira ni ilẹ̀ wọn. Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ nígbà náà, ó ní akọ̀wé, ó ní àpò ìṣúra, ó ní ilé ẹjọ́.

Báwo wá ni òmìnira yẹn ṣe sọnù? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1914, inú bí àwọn ará Ìjẹmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe àti sí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀. Dípò kí àwọn tó wà lórí àléfà jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ènìyàn wọn, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá ìrànlọ́wọ́. Ìbọn ró, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Nínú ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ìwé àdéhùn 1893, tí òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin. Ní 1918, ìnira owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe tún dá Ogun Àdùbí sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí yóò rí i pé ìjọba tó bá kọ etí ikún sí igbe àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta òmìnira.

Àwọn ọmọ náà tún yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa àwọn ìyá wọn. Láàárín 1947 sí 1949, àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣíwájú wọn, dìde lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n lọ sí ààfin ní Aké lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kò sì yẹsẹ̀ títí wọ́n fi mú owó orí náà kúrò lọ́rùn wọn. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́, kò sì padà títí di ìparí 1950. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ àti àdìrẹ ni wọ́n ti gba díẹ̀ nínú òmìnira ṣáájú 1960.

Àsíá tí gbogbo ènìyàn ń jù lókè lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ọwọ́ ọmọ Òwu Abẹ́òkúta ló ti wá. Táíwò Akínkúnmi ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ya àwòrán rẹ̀. Ó fi oòrùn pupa sí àárín, àwọn adájọ́ ìdíje náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọdún 2014 ni ìjọba tó fún un ní oyè ọlá OFR, ìyẹn ọdún 54 lẹ́yìn òmìnira. Ó kú ní 2023. Bí orílẹ̀-èdè bá ń ju àsíá láìmọ ẹni tó yà á, ọpẹ́ orí ahọ́n lásán ló ń dá.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ìdí ayẹyẹ nígbà tí ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù, pàápàá láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì gbé ẹnu sókè. Òótọ́ ni ìnira náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í torí ìyẹn bá ilé náà ṣe ọ̀tá; ńṣe ni yóò pe àwọn tó ń gba owó àtúnṣe, tí yóò ní kí wọ́n wá ṣe ìṣirò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Olúmọ, Ìjẹmọ̀ àti Aké kí ọjọ́ náà tó dé, kí wọ́n sọ ìtàn fún wọn níbi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Kí àwọn ọmọdé jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kí àwọn arúgbó tí ojú wọn ṣe 1960 bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Orin orílẹ̀-èdè tí àwọn arúgbó náà kọ nígbà náà ni ìjọba tún mú padà ní 2024. Ta ló tún yẹ kó kọ́ àwọn ọmọ ní orin náà jù wọ́n lọ? Bí kò bá sí ìtàn, àrọ́bá a wà; àrọ́bá ni baba ìtàn. Lẹ́yìn náà, kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù Abẹ́òkúta, dìde níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n ka iye owó tó wọlé lọ́dún náà àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Àmánà ni ipò, ẹni tí àmánà bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ìṣirò láyé, nítorí ìṣirò ń bẹ níwájú tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Bí ayẹyẹ bá lọ báyìí, ọmọ tó bá padà sílé lọ́jọ́ náà yóò ní ohun tí yóò sọ ju oòrùn lọ. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí òmìnira Nàìjíríà, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn aláṣẹ rẹ̀ kọ etí ikún sí igbe àwọn ènìyàn wọn. Àmín.